Ojú Oórì Ilé Ìyá Fàdìlàt

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá tó gbójú, kó wá sílé wa ní Ìgándò, kó wá wo Ìyá Fàdìlàt, ìyá onílé mi. Aṣọ iléèwé ló ń rán, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo máa ń fi í yangàn níbi gbogbo.

Inú yàrá tó ti ń ránṣọ ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Láràárọ̀, á kúnlẹ̀ síbẹ̀, á kí bàbá, á tọrọ àforíjìn Ọlọ́run fún un, kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kò sí ayálégbé tí kì í mú wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kó dé. Èmi náà kúnlẹ̀, mo dárúkọ ara mi àti ti bàbá mi, mo sọ ohun tí mo bá wá.

Àfi bí Al-Ameen, ọmọ àbúrò rẹ̀, ṣe ní àwọn fẹ́ ta ilé. Ó ti bá gbogbo ẹbí sọ ọ́ tán kó tó sọ fún ìyá. Ọmọ ayé, ṣá.

Ó ní, "Màmá, sàréè kan péré ni. A ó gbé e lọ sí itẹ́ òkú."

Ìyá gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Ní itẹ́ òkú, àjèjì ló ń sùn ti àjèjì. Ojú oórì lèyí. Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi, oórì ni ibi tí àgbà sùn sí nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ojú ẹ̀ ni ibi tí ọmọ ń kúnlẹ̀ sí bá a sọ̀rọ̀. Tí ọmọ bá ti kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ lásán ló kù."

Al-Ameen ò gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú ẹni tó fẹ́ ra ilé dé, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, tíṣà ọmọ Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì. Níbo ni ìyá fẹ́ kó lọ lọ́jọ́ ogbó?

Ìyá ò jà. Ó mú wọn wọ yàrá ìránṣọ, síwájú oórì bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹni tó máa ni ilé yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí onílé. Ẹ sọ orúkọ yín, ti bàbá yín, àtohun tí ẹ bá wá."

Bàbá tíṣà bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. "Èmi Ilésanmí, ọmọ Táyéwò ni. Mo wá…" Ó dìde. "Oórì bàbá tèmi náà ń bẹ nílé, lábẹ́ pálọ̀. Al-Ameen, ìwọ lò ń tà á. Wá fẹnu ara ẹ sọ fún bàbá."

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Al-Ameen wo ìyá, ó wo ilẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi Al-Ameen ni. Mo ní kí n wá kí yín ni."