Pèrègún Ẹsẹ̀ Ìbíjọkẹ́

Ìgbà mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ìlú Òṣogbo jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé etí odò. Àkànó wà níbẹ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lanu sọ̀rọ̀, èyí tó sì sọ kò tó.

Bíríkìlà ni. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́bàá Ọ̀ṣun, lórí ilẹ̀ ìdílé tí Baba Ọdúntán, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, jẹ́ olórí fún. Àkànó kì í ṣe ẹlẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ ti àwọn méjèèjì: Ìbíjọkẹ́, ọmọ Iléṣà, tí í rẹ́rìn-ín sí ènìyàn kó tó kí i.

Ìbíjọkẹ́ ṣì wà láyé nígbà tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ilé onípáànù fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sí etí odò. Inú bí ìdílé. Ìbíjọkẹ́ ní tirẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bí wọ́n bá lé wa, a ó rọra wọ inú ọ̀kan níbẹ̀,” ló wí. “Ta ni yóò mọ̀?”

Baba Ọdúntán ránṣẹ́ sí ìjọba ní Ìbàdàn, Ìbàdàn sì dá ọ̀rọ̀ náà padà pé kí wọ́n lọ parí ìjà ilẹ̀ ná. Nígbà tó di ọdún kejì, ìgbìmọ̀ tún fọwọ́ sí i. Òjò ló bá ìdílé kọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Odò kún, ó gbá gbogbo èèkàn tí àwọn awọnlẹ̀ gún lọ, omi wọ yàrá Àkànó dé orúnkún.

Nínú òjò yẹn náà ni Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní ibà ni. Kò pẹ́ lórí ẹní.

Ìyá rẹ̀, Julianah, wá láti Iléṣà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé òkú ọmọ òun lọ sílé. Àkànó kọ̀. Inú yàrá ni ì bá sin ín sí bí àwọn baba wọn ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá ti di ẹrẹ̀. Ó bá gbẹ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tó ga díẹ̀. Kò rẹ́ símẹ́ńtì sí i. Ọwọ́ tó fi ń rẹ́ ilé onílé kò gbà á láti bo Ìbíjọkẹ́. Ó gé pèrègún kan, ó gún un sí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pèrègún kì í kú.

Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé pèrègún ni a fi ń pa ààlà ilẹ̀. Àkànó náà mọ̀. Ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó rò ó.

Ìgbà tí wọ́n fi jókòó lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti rẹ tọ̀tún tòsì. Baba Ọdúntán gbà pé kí ìlú mú apá òkè, kí ìdílé mú apá odò, kí pèrègún sì jẹ́ ààlà. Èyí tí àwọn baba ńlá gbìn wà lókè lọ́hùn-ún, nídìí igi ìyeyè, ṣùgbọ́n iná oko ti jó o. Ẹyọ kan ṣoṣo ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ rí, lẹ́yìn ilé Àkànó. Ojú Baba Ọdúntán ti ń ṣe bàìbàì, inú yàrá ló sì rò pé wọ́n sin ìyàwó ọmọ àbúrò òun sí.

Akọ̀wé béèrè ẹni tó gbìn ín. Àkànó dìde.

“Èmi ni.”

Wọ́n ń retí ìyókù. Ìyókù kò jáde. Láti ọjọ́ tó ti sin ín, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ìbíjọkẹ́ kú. Ó padà jókòó.

“Ẹni tó ń gbébẹ̀ ló pààlà fúnra rẹ̀,” ni ọ̀kan nínú wọn wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ sí i. Yàrá Àkànó bọ́ sápá ìdílé, Ìbíjọkẹ́ bọ́ sápá ìlú.

Ó wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ní ibi tí Ìbíjọkẹ́ wà ni wọn yóò kọ́lé sí. Ó rò pé yóò ṣépè fún òun. Ìyá Julianah kàn ń wo ilẹ̀.

“Kí ulé wà lórí òkú kì í ṣe ẹ̀gbin, Àkànó. Orí ibojì bàbá mi ni mo ń tẹ́ ẹní sí títí mo fi relé ọkọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, a ń kí i. Ta ni yóò máa kí tèmi?”

Àkànó padà, ó lọ bẹ fọ́mánù tó ń kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pé kó gba òun síṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ilẹ̀ yàrá tó bọ́ sórí Ìbíjọkẹ́. Ó rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi í bóyá ọba ni yóò sùn síbẹ̀.

Akọ̀wé rélùwéè kan àti ìyàwó rẹ̀, Phebe, ló kó wọbẹ̀. Àkànó á dé ẹnu ọ̀nà wọn, á yí padà. Títí ó fi di àárọ̀ kan tí Phebe ń gbálẹ̀ níta, tó béèrè ohun tí bíríkìlà gbàgbé.

“Ẹ má bínú, màdáámù. Ènìyàn kan wà nínú yàrá yín. Ìbíjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó mi ni. Ó ti kú.”

Ọwọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Phebe.

“Níbo ni orí rẹ̀ wà?”

Àkànó wọlé, ó nàka. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Phebe ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó gbé àmù omi síbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ yóò máa tutù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àkànó ṣì wà lórí ẹní nígbà tó gbọ́ tí ife kan etí àmù lódì kejì pèrègún.

“Ìbíjọkẹ́, ṣé o jíire?” ni Phebe wí.

Àkànó dáhùn láti yàrá tirẹ̀ pé a jí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.