Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Vernon

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe jíà mọ́tò ní ìlú Kokomo, iṣẹ́ Vernon Hostetler ni láti máa ṣa irin tó lábùkù sọnù. Bó bá délé, àbùkù kan náà ló ń wá kiri. Mọ́tò ìṣeré ọmọdé ló ń kó jọ, àwọn tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ṣì ṣe, tí irú wọn ṣọ̀wọ́n: èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, èyí tí wọ́n gbàgbé láti kùn lọ́dà, èyí tí wọ́n da orí rẹ̀ kọ ìdí. Joyce ìyàwó rẹ̀ ní bóyá ohun tó ṣe fẹ́ òun náà nìyẹn. Ohun tó wu ni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ará àdúgbò wọn ni mí, a sì jọ máa ń lọ sí ìpàdé àwọn tó ń kó mọ́tò bẹ́ẹ̀ jọ láàárọ̀ Sátidé, nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin tó ga jù níbẹ̀ ni pé a kì í tú mọ́tò kúrò nínú ike tó bá wá láti ilé iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè fi pínsà fa ẹsẹ̀ mọ́tò yọ nílé rẹ̀, kó ní wọ́n gbàgbé ẹ ni. Ike tí a kò tú ni ẹlẹ́rìí. Bó bá ti já, ọ̀rọ̀ bùṣe, olóòótọ́ àti onírọ́ ti di ọgbọọgba.

Olórí ọrọ̀ Vernon ni pikọ́ọ̀pù pupa kan tí wọn kò fún ní ẹsẹ̀ iwájú kan. Orrin àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i nínú ṣọ́ọ̀bù, Vernon ló yára nawọ́ mú un, wọ́n sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní. Orrin náà ní tirẹ̀, ó fi wọ́n kọ́ ara ògiri yàrá títí dé àjà. Àfi bí àtọ̀gbẹ ṣe wá gba ojú Orrin pátápátá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a jẹun tán nílé Vernon, a ń mu kọfí, ni Orrin bá ní kí wọ́n gbé pikọ́ọ̀pù náà fún òun. Ó fọwọ́ ra á níwájú, ó rà á lẹ́yìn.

"Ike nìkan ni mò ń fọwọ́ bà."

"Inú ẹ̀ ló wà," Vernon dá a lóhùn. "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò lè rìn jìnnà."

"Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹyin lè wà níbẹ̀. Ṣí i."

"Orrin, má bẹ̀rẹ̀ o. O mọ òfin."

"Ṣé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ẹ lófin ọ̀hún ni?"

Vernon dìde, ó lọ ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Bó bá ṣí i, ohun tí gbogbo wa ń jowú di ọkọ̀ tó kán lẹ́sẹ̀ lásán. Bí kò bá ṣí i, àbúrò rẹ̀ ò tún ní rí i mọ́ láéláé. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé ike náà létí.

Orrin gbé ọkọ̀ náà sórí tábìlì. Ọkọ̀ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orrin fìka wá ibi tí ẹsẹ̀ kò sí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Vernon kò rẹ́rìn-ín, ike tó já ló ń wò.

"Vernon."

"Kí ló tún kù?"

"Mú ọ̀bẹ yẹn dání, ká máa lọ sílé mi. Gbogbo tara ògiri yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìkankan nínú wọn."

Vernon nu ọ̀bẹ náà, ó fi aṣọ wé e. Lẹ́yìn náà ló ní kí Joyce bá òun wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.