Ọ̀nà Tí Kò Gba Orí Ilé Wa

Òórùn aró ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé yìí, bóyá kí n tó mọ òórùn oúnjẹ pàápàá. Ní agbo ilé wa ní Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìkòkò aró tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni pé àwọn ló ni ilé, òórùn wọn a sì máa kan wá nímú láti àárọ̀ dalẹ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ wa, mọ́ irun wa, mọ́ ìwé tí mò ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí mo bá ti wọ kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní ọmọ aláró ti dé, inú á sì bí mi títí dìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo wá dàgbà tí mo ríṣẹ́ ní pápá bàálù ní Ìkẹjà, níbi tó jẹ́ pé òórùn epo bàálù ló gba gbogbo ọ́fíìsì kan, mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn aró nígbà mìíràn bí mo bá ṣí báàgì mi. Ìwọ náà tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé oníṣòwò á mọ ohun tí mò ń wí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa la ọ̀nà fún àwọn bàálù kéékèèké tí iléeṣẹ́ wa fi ń gbé èèyàn lọ síbi tí bàálù ńlá kì í dé. Kí awakọ̀ tó wọlé rárá, èmi á ti tẹ́ máàpù sórí tábìlì, màá ti fi rúlà àti pẹ́ńsù fa ibi tí yóò gbà, ibi tí yóò ti yà, bí yóò ṣe ga tó, àti epo tí yóò gbé. Èmi kọ́ ni mò ń wa bàálù. Mo sọ èyí fún màámi títí ó fi rẹ̀ mí, ó sì yé e dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ ọ́ lágbo ilé dùn ju bí èmi ṣe sọ ọ́ lọ. Á ní, "Ọmọ mi ló ń sọ ibi tí bàálù máa gbà fún un." Irọ́ kọ́ ni. Ó kàn jẹ́ pé ó gbàgbé láti fi kún un pé àwọn kan náà wà tí wọ́n ń sọ ibi tí bàálù kò gbọdọ̀ gbà fún èmi.

Àwọn sójà nìyẹn. Ìgbà yẹn, àwọn ló wà lórí ìjọba, ìwọ náà rántí bí ìlú ṣe rí. Wọ́n ní ilẹ̀ kan lápá ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ń fi ìbọn ńlá dánra wò, òfúrufú orí ilẹ̀ náà sì di tiwọn. Lórí máàpù mi, àmì roboto pupa ni. Bí bàálù bá kúrò ní Ìkẹjà tó ń lọ sí Ṣakí, níbi tí àwọn tó ń la títì ti gé pápá kékeré kan fún un, orí Abẹ́òkúta gan-an ló yẹ kó gbà, àmì pupa yẹn á sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ nítòsí. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ojú ọ̀run mọ́, kò sí wàhálà: awakọ̀ á fi ojú ara rẹ̀ rí odò Ògùn àti òkè Olúmọ, á sì kọjá lórí ìlú wa wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bolẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Àwọn aago atọ́nà tó wà níwájú rẹ̀ àti rédíò tó ń ké láti Ìbàdàn nìkan ló máa sọ ibi tó wà fún un, afẹ́fẹ́ sì lè tì í kúrò lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ó fura. Nítorí náà, bó bá jẹ́ aago la máa fi wa bàálù, dandan ni kí n jìnnà sí àmì pupa yẹn gidigidi, kí n gba orí Òṣíẹ̀lẹ̀, lápá ìlà oòrùn ìlú wa, lọ sí Ìbàdàn kí n tó yà sí Ṣakí.

Bàbá wa ti kú nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí à ń pè ní bàbá àgbà ló wá di olórí ilé. Oníṣòwò aṣọ ni, ẹni tó ń kírun lásìkò, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Kò kórìíra wa, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kàn rí ìdí tó fi yẹ kí àbúrò mi obìnrin máa bá ìwé lọ ni. Ó ní kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó wá gba iṣẹ́ aró lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Màámi bẹ̀bẹ̀ títí, ó sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀nà wo ló wà lójú ọ̀run tí ẹnì kan ń là? Kó la ọ̀kan gba orí ilé yìí kọjá kí n rí i. Bó bá ṣe é, àbúrò rẹ̀ á padà sílé ìwé ní sáà tó ń bọ̀."

Màámi wọkọ̀ wá bá mi ní Ìkẹjà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó jókòó sí ìdí tábìlì mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ fún aró, ó ń wo máàpù bí ẹni tó ń wo ọjà tó fẹ́ rà. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń yọjú wò ó, ojú sì tì mí díẹ̀, torí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òórùn tó bá a wọlé. Mo wí fún un pé bàálù máa lọ sí Ṣakí ní Ọjọ́bọ̀, pé bí ojú ọ̀run bá mọ́, orí Ìjẹmọ̀ ló máa gbà láìjẹ́ pé mo bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ojú ọ̀run á mọ́, lágbára Ọlọ́run." Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, òjò àkọ́rọ̀ ti ń kó jọ. Ìkùukùu wálẹ̀ débi tí a kò rí ìparí pápá. Mo gbé fóònù, mo pe ọ́fíìsì àwọn sójà bóyá wọn kò ní yìnbọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gbé e kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Madam, nobody dey pass there today," ó sì já a mọ́ mi létí. Ọ̀gá awakọ̀ wa wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti gbé pẹ́ńsù dúró. Àgbàlagbà tí àánú wà lójú rẹ̀ ni, ó sì ti gbọ́ ìtàn màámi. Ó ní, "Ìyá ẹ ń retí wa, àbí? Fà á sún mọ́ ilé yín díẹ̀. Èmi ni mo ń wà á, kò ní wọ ilẹ̀ àwọn sójà." Mo wo máàpù. Ìjẹmọ̀ wà níbẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Mo ro ti àbúrò mi, mo ro ti àwọn tó fẹ́ wọ bàálù tí wọ́n jókòó síta pẹ̀lú ẹrù wọn, ọ̀kan nínú wọn ń fún ọmọ lọ́yàn. Mo fa ọ̀nà náà gba orí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó ní mo ṣe é dáadáa. Mi ò tíì rí ìyìn tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, olúkúlùkù sì ní bó ṣe sọ tirẹ̀. Bàbá àgbà gbé àga jáde sí ojúde. Àwọn aláró fi ìkòkò wọn sílẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Màámi ní tirẹ̀ kó aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, torí pé bí awakọ̀ bá ń bọ̀, ó yẹ kó rí ibi tó jẹ́ ilé ẹni tó la ọ̀nà fún un. Wọ́n dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, olúkúlùkù sá wọlé, ṣùgbọ́n màámi kò kó aṣọ náà, ó ní ọmọ òun kò tíì kọjá. Òjò fọ aró ara aṣọ náà dà sínú kòtò. Ohun tó wá ba ọ̀ràn jẹ́ pátápátá ni obìnrin kan tó ti Òṣíẹ̀lẹ̀ gbé gààrí wá lọ́jọ́ kejì, tó ní àwọn gbọ́ ìró bàálù lórí oko àwọn nínú ìkùukùu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dé ilé. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń la ọ̀nà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ará Òṣíẹ̀lẹ̀ kí yín." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ta ni kò jẹ́ kí n gba orí ilé baba mi. Mo ní, "Àwọn sójà ni, bàbá."

"Sójà tún wà lókè?"

Ẹ̀rín tún sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìkùukùu, aago àti àmì pupa, ọ̀rọ̀ náà ń gbẹ mọ́ mi lẹ́nu bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà ló wá ní: "Èmi tí n kò kàwé, bí sójà bá ní kí n yà ní títì Ṣàpọ́n, mo máa yà. Ìwọ tí o kàwé, wọ́n ní kí o yà lójú ọ̀run, o yà. Kí wá ni ìwé náà fi kún un?" Ojú tì mí débi tí mi ò lè gbé orí sókè. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò mi, mi ò sì ṣe é. Màámi kò bá mi wí. Ó gbé oúnjẹ wá, ó ní kí n jẹun, pé mo ti gbẹ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ kó tún sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ òun ló ń la ọ̀nà fún bàálù. Á ní mò ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àbúrò mi nídìí abọ́ ẹ̀kọ, aṣọ funfun níwájú rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀. O mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ yà, aró kì í wọ ibẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fi ibi tí ẹ gbà hàn mí." Mo gba ìyẹ́ náà, mo fi ẹ̀kọ kun àmì roboto kan, mo fa ọ̀nà tó ti ìsàlẹ̀ bọ̀ tó sì yà fún un. Ó fi ìka kan ibi tí Ìjẹmọ̀ máa wà. "Ibí yìí la wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó mà sún mọ́ ọn o," ó sì gba ìyẹ́ rẹ̀ padà.

Àbúrò mi ṣe dáadáa nídìí aró, ó kọ́lé, ó tọ́ ọmọ. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbìyànjú láti tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n yìnbọn lu bàálù nítorí tèmi ni?" Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn bá tún padà wá, Òṣíẹ̀lẹ̀ ni màá tún fà á gbà, ojú á sì tún tì mí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo wà lọ́jà Ìtòkú, mo rí àdìrẹ kan tí wọ́n fi kọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù: àwọn àmì roboto funfun, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ń yà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á pé kí ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Ó ní, "Bàálù Yà ni, mà. Gbogbo èèyàn ló ń rà á. Ìyá kan ní Ìjẹmọ̀ ló kọ́kọ́ yà á." Mo fi ọwọ́ kan ibi funfun náà, mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Kò sí nǹkan níbẹ̀, mà. Aró ò dé ibẹ̀ ni."

Mo rà á, mi ò sì tíì rán an. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi, òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀. Bí mo bá tú u wò, kì í ṣe ilẹ̀ àwọn sójà ni mo máa ń rí nínú funfun náà. Àbúrò mi ni mo máa ń rí, nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó gbójú sókè lójúde wa nínú òjò, tó ń retí ìró bàálù tí mo ti darí gba ibòmíràn.