Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Tíṣà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò mọ orúkọ oníbàárà kankan. Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń fi áyọ́ọ̀nù jẹun, òwú ni wọ́n sì fi ń dá èèyàn mọ̀. Bí aṣọ ẹ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á yí ọrùn ẹ̀ síta, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán òwú díẹ̀ sínú ẹ̀. Pupa kan. Àwọ̀ ewé méjì. Dúdú mẹ́ta. Orúkọ ẹ nìyẹn títí ayé. Wọ́n lè wọlé kí wọ́n ní, "Pupa Kan ti bímọ o," ìyàwó wọn á sì mọ ẹni tó bímọ. Èmi náà tí mo jẹ́ ọmọ àbúrò wọn, Dúdú Mẹ́ta ni mò ń jẹ́. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ.

Tíṣà nìkan ló yàtọ̀. Àwọ̀ Ewé Méjì ni, àmọ́ ọ̀rẹ́ ti wọ̀ ọ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, kí àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n bú ìjọba dáadáa, kí Tíṣà máa lọ.

Ni kòrónà bá dé, wọ́n ní kónílé-ó-gbélé. Àdúgbò dákẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá tí ẹnì kankan ò wá ká. Àwa tá a ní kíkí fún ìjókòó, tá a ní fún ìdúró, tá a ní fún òtútù, a ò mọ èyí tá a máa kí ara wa. Ẹnì kan gbìyànjú ẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ní ẹ kú ìfarapamọ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà ló wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni ọkọ̀ ọsibítù wá gbé Tíṣà lọ. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe gbọ́, wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì tí wọ́n fi gba ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá wọn àti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Láti ọjọ́ yẹn, ọṣẹ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, torí wọ́n ní ẹni tí kòrónà bá mú kì í gbóòórùn mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n tó la ojú tán, ọṣẹ á ti wà ní imú wọn. Bí wọ́n bá gbóòórùn ẹ̀, ọjọ́ kan tún ti bọ́ sí i nìyẹn. Àǹtí, ìyàwó wọn, ní ọṣẹ yẹn ló máa kọ́kọ́ tán ká tó mọ èyí tó fẹ́ tán nínú àwọn. Ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí ń gbé oúnjẹ wọn sí. Lọ́sàn-án gangan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi á ṣàdédé di etí ibùsùn mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Wọ́n sọ fún mi láti ojú fèrèsé pé àwọn aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ń mí. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán, bí oorun bá gbé wọn díẹ̀, àwọn aṣọ á sọ̀ kalẹ̀ látorí hángà níkọ̀ọ̀kan, ṣòkòtò á ṣáájú, kóòtù á tẹ̀ lé e, kálukú á jáde lọ wá olówó orí ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn nìkan ni kì í lọ. Á dúró síbẹ̀, kò lórí, síbẹ̀ á máa wò wọ́n.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Àǹtí fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní àrùn yìí ò ba àwọn lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ba àwọn lẹ́rù ni kí àrùn lọ tán kí ọkọ àwọn má jáde mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù dún. Ìyàwó Tíṣà ni, ohùn ẹkún ló fi ń sọ̀rọ̀. "Alágbàfọ̀, Bàbá ti relé o. Bàbá ti relé láàárọ̀ yìí." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Wọ́n pè é padà, kò lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi. Bí wọ́n bá ní àgbàlagbà ti relé, ṣé ilé tó ní àga lẹ máa rò?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fa kọ́kọ́rọ́ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà Àǹtí gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n fi ọwọ́ lásán mú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n po sítáàṣì ki. Bí wọ́n ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé e ni ooru funfun gba gbogbo yàrá, èmi àti Àǹtí ò rí ju èjìká wọn lọ nínú ẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ń bá aṣọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Tíṣà ò ní wọ aṣọ rírún wọlẹ̀, kì í ṣe nígbà tí àwọn wà láyé. Ọrùn aṣọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fún un ní sítáàṣì.

Àǹtí ní kí n tẹ̀ lé wọn lọ sílé Tíṣà. Wọ́n de ìbòmú, wọ́n gbé hángà sókè níwájú ara wọn. Títì ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ń ṣáájú, àwa méjèèjì ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin àlejò.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Fèrèsé ló ṣí. Tíṣà ni, ó ti rù, ìbòmú dé imú ẹ̀.

"Ta ló kú?" Bó ṣe rí ojú wa ló fi béèrè.

"Ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ẹ ti relé."

"Ibo lẹ wá rò pé mo wà yìí? Ọsibítù ló ní kí n máa bọ̀ nílé, mo bá relé."

Ìyàwó ẹ̀ tó wà lẹ́yìn fọwọ́ bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan, wọ́n ti fi ara ti ògiri. Tíṣà na ọwọ́ gba ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ̀ ọ́ níbẹ̀, ó de bọ́tìnnì dé òkè. Ó fẹ́ wo apá òsì, kò ṣeé ṣe. Ó fẹ́ wo ọ̀tún, odidi ara ẹ̀ ló yí.

"Alágbàfọ̀, òkú lẹ lọ aṣọ yìí fún," ó ní. "Ọrùn tèmi ṣì ń yí. Ẹ gbà, ẹ lọ tún un ṣe."

Ó bọ́ ọ, ó nà án síta. Ooru ara ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ó sì wúkọ́ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo aṣọ náà. Mo ti fẹ́ bá wọn gbà á, wọ́n fi ìgúnpá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbà á, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé èjìká níbi tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Ó di Ọjọ́bọ̀," wọ́n ní, a sì forí lé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.