Àgbò Tí Kò Gbọdọ̀ Bẹ̀rù

Nílé wa ní Idigny, nítòsí Kétu, obìnrin tó bá sin ẹran kì í dúró níbi tí wọ́n ti ń pa á. Bí àwọn ọkùnrin bá ti ń pọ́n ọ̀bẹ báyìí, á yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé aládùúgbò, á jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi wá pè é pé kó wá gbé ìkòkò kaná. Kò sẹ́ni tó máa ń bi í pé níbo ló lọ.

Ẹ̀kọ́ ló ba èyí jẹ́ fún mi. Ọkùnrin kan ti Kútọnu wá, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwa ọlọ́sìn bí a ṣe ń pa ẹran láìdá a lóró. Ẹ má fi ìwo wọ́ ọ. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ẹ má jẹ́ kó rí ọ̀bẹ. Ẹran kò gbọdọ̀ bẹ̀rù! Gbogbo wa ń mi orí. Ọkọ mi ló mi orí jù, ó sì gbọ́ Faransé díẹ̀, ni wọ́n bá fi í ṣe olórí àwa ọlọ́sìn. Ọkọ mi tí kò já ewé kan fún ẹran rí!

Èmi ni mo tọ́ àgbò wa. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i, ògì inú ìgò ni mo fi wò ó dàgbà. Tí mo bá gbé èèpo ẹ̀gẹ́ dé, màá ní, "Ọmọ mi, wá gbà," á sáré wá gbórí lé mi nítan.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, olórí àwa ọlọ́sìn háyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti fi gbé àgbò wálé láti oko, ó tún tẹ́ ẹní sí i. Èmi ru igi ìdáná, mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn nínú eruku. Nígbà tí mo lóyún àbígbẹ̀yìn mi, èmi àtàwọn ọmọ la jọ há sórí alùpùpù kan lọ sí Kétu. Ẹnì kankan kò ti Kútọnu wá nítorí ìyẹn.

Lọ́jọ́ Iléyá, àáfà tó máa pa ẹran dé, olùkọ́ wa láti Kútọnu náà dé, ó na fóònù sókè, ó fẹ́ ya fọ́tò. Ọkọ mi wọ agbádá funfun, ó di okùn àgbò mú, ó ń fi Faransé bẹ̀ ẹ́. Àgbò wò ó lójú, kò mọ̀ ọ́n rí, ló bá fà á lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ẹ̀bá balùwẹ̀. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo fẹ́ máa lọ, àmọ́ ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín náà ló tú mi fó.

Olùkọ́ bojú wẹ̀yìn. "Ta ni ẹran yìí mọ̀? Ẹni tó mọ̀ ni kó wá dì í mú."

"Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́ wá," ọkọ mi ní. "Má dójú tì mí lójú àlejò."

Nínú gbogbo òfin tí wọ́n kà fún wa, kò sí èyí tó ní kí èmi má bẹ̀rù. Mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ọmọ mi, wá gbà."

Ó wá. Kò sí èèpo kankan lọ́wọ́ mi. Ó gbórí lé mi nítan, mo fọwọ́ bò ó lójú, àáfà sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kíá.

"Ẹ ò rí i?" Inú olùkọ́ ń dùn. "Kò bẹ̀rù rárá!"

Òótọ́ ni, kò bẹ̀rù. Ní báyìí, olùkọ́ ní kí n máa kọ́ àwọn obìnrin yòókù bí wọ́n á ṣe máa di ẹran wọn mú. Bí mo bá gbé èèpo ẹ̀gẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹran tó kù, mi ò pè wọ́n mọ́. Màá kàn dà á sílẹ̀, màá sì máa lọ.