Wáyà Tó Gba Òkè Lọ

Ilé tó ní táyà ni wọ́n pè mí sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń so iná mànàmáná ní Kabba. Iye Wáyà làwọn èèyàn ń pè mí, nítorí ìyá là ń pè ní iye lọ́dọ̀ tiwa. Mo ti so iná sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti so ó sí mọ́sáláṣí àti ọgbà adìyẹ, ṣùgbọ́n n kò tíì so ó sí ilé tó ń rìn rí. Nígbà tí mo rí mọ́tò funfun gbàǹgbà náà lábẹ́ igi máńgòrò, tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù nínú, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti kí onílé.

Dáre, ọmọ Kabba tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló ra mọ́tò náà ní tòkúnbọ̀ láti Jámánì. Tóyìn ìyàwó rẹ̀ lóyún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń retí ọmọ, ìyá Dáre sì ti bẹ̀ wọ́n pé Kabba ni kí wọ́n ti bí i. Tóyìn gbà, àmọ́ ooru ń dà á láàmú, ikùn sì ti wúwo. Ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi gbé ilé tútù wá fún un sí àgbàlá Iye Dáre. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ amúlétutù yẹn, wáyà tí wọ́n fi fa iná wá látinú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ẹ̀rọ náà sì kú. Dáre sọ fún mi lójú ìyá rẹ̀ pé bí n kò bá rí i tún ṣe, Àbújá lòun ń gbé ìyàwó òun lọ. Iye Dáre yíjú sí mi. Ẹnu mi ló ń wò.

Mo yẹ wáyà náà wò, ẹ̀rín sì pa mí. Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tún ti já a láàárín, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. "Okun" làwa ń kí ara wa níbí, okun náà sì ni agbára. Mo sọ fún Dáre pé okùn tó gbé wá yìí kò lókun rárá. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ amúlétutù máa ń fa iná bí ẹni tó ti oko dé ṣe ń fa omi. Bí bàbà inú wáyà bá kéré, wáyà á gbóná. Bó bá sì gùn jù, iná á ti rẹ̀ kó tó dé òpin. Wáyà tí wọ́n nílò gbọ́dọ̀ nípọn, kó ní rọ́bà líle tó lè fara da òjò àti oòrùn, kó ní ẹ̀ka kẹta tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, kó má sì ní oríkèé kankan. Mo lọ sọ́jà, mo ra irú rẹ̀, mo de pílọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù tó bá ihò iná ara mọ́tò náà mu mọ́ ọn. Nígbà tí mo tan án, atẹ́gùn tútù tú jáde, Tóyìn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo ń ṣe fáàrí lọ sílé.

Oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ kejì tí Dáre pè. Ó ní wáyà mi náà ti gbóná, ẹ̀rọ ti kú, òun sì ti ń di ẹrù. Wáyà mi! Inú bí mi, mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ kíákíá.

Mọ́tò kò sí lábẹ́ máńgòrò mọ́. Wọ́n ti sún un mọ́ ògiri ilé, nínú oòrùn gangan. Wáyà tí mo nà láti ilé dé ìdí máńgòrò ni ẹnì kan ti ká jọ roboto sínú abọ́ ńlá kan, ó fi àpò bò ó. Mo fọwọ́ kàn án, mo yára gbọ́wọ́ kúrò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ará Mopa, máa ń sọ pé wáyà tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ òun. Bí a bá ká a lé ara rẹ̀ lórí, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde.

Mo béèrè ẹni tó ká a. Iye Dáre ló dáhùn, ó pè mí ní ọma, ìyẹn ọmọ.

"Èmi ni, ọma mi. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n sún mọ́tò mọ́lé, kí okùn má baà dábùú ọ̀nà. Aboyún kì í gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí okùn. Kí ìwọ́ ọmọ má baà wé mọ́ ọn lọ́rùn."

Ojú Dáre ti yí padà, mo sì rí i pé ó fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ síyá. Mo yára gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tó ti ń retí ọmọ-ọmọ láti ọjọ́ yìí wá, ta ni yóò bá a wí pé ó ṣọ́ra jù? Ìyá tèmi náà kò jẹ́ kí n gba orí okùn ewúrẹ́ kọjá nígbà tí mo lóyún.

"Iye, bí a bá gbé e gba òkè ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa gba orí rẹ̀ kọjá. Abẹ́ rẹ̀ la ó máa gbà."

Ó ronú sí i, ó wo Tóyìn, ó wo wáyà.

"Abẹ́," ó ní. "Abẹ́ ò burú."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Dáre fúnra rẹ̀ ló gé ọparun, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbẹ́ ihò. A ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ láti ògiri ilé dé ìdí máńgòrò, ó ga ju orí ẹni tó ru garawa omi lọ. Mo na wáyà mi sórí wọn gbọọrọ, wọ́n sì wa mọ́tò padà sínú ibòji. Nígbà tí a tan iná, gbogbo wa ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà. Ó ń kùn. Ó ń kùn títí oòrùn fi rọ̀, mo sì ń fọwọ́ kan wáyà lóòrèkóòrè. Ó tutù. Tóyìn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sílé ìdáná ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé ikùn rẹ̀ dání. Dáre wọlé lọ tú ẹrù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo wà lórí àkàbà nílé oníbàárà kan ní Iyara nígbà tí fóònù mi dún. Iye Dáre ni.

"Okun o, ọma mi. Ó ti dé. Obìnrin ni. Kabba ló ti rí ìmọ́lẹ̀."

Mo rọra sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ jó kì í jó lórí àkàbà.