Aláǹgbá Ojú Ọkọ́ Ògúndìran

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń fi òótọ́ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Ògúndìran alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí. Ọkùnrin náà kò jalè, kò gba ìyàwó oníyàwó. Ọkọ́ ló ń rọ. Baba rẹ̀ rọ ọkọ́, baba baba rẹ̀ náà rọ ọkọ́, òǹtẹ̀ kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lù sí ojú rẹ̀ nígbà tí irin bá ṣì gbóná: aláǹgbá kékeré kan tó na ìrù sẹ́yìn, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ọkọ́ yìí, láti Àgó-Àmọ̀dù títí dé Kíṣì, ni kò mọ̀wé. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ orúkọ Ògúndìran. "Ẹ fún mi ní aláǹgbá" ni wọ́n ń wí lọ́jà, Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a tà á yóò sì mú un fún wọn. Ọkọ́ aláǹgbá kì í tẹ̀ bó bá kan òkúta. Òun ni baba wọn fi kọ ebè kí àwọn náà tó bẹ̀rẹ̀ oko.

Ní ọdún 1979, ọkọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnubodè Ìjió wọlé. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Gbádébọ̀ ló ń kó o wá. Ẹ̀rọ ló gé e, irin rẹ̀ kò nípọn ju páànù lọ. Òun náà ní òǹtẹ̀, ní ibi kan náà, ní ìwọ̀n kan náà: ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tó na ìrù sẹ́yìn. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Olóko á rà á, á kọ ebè mẹ́wàá, ọkọ́ á ká bí ewé. Ta wá ni wọ́n ń gbé e wá bá? Ògúndìran ni. Wọ́n á jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, wọ́n á ní ojúkòkòrò ti wọ iṣẹ́ ilé yìí. Ó ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kí ọdún tó yí po, oníbàárà ti dín kù débi pé kì í ju òwúrọ̀ lọ tó fi ń pa iná àgbẹ̀dẹ.

Tísà kan ti bá a fi òǹtẹ̀ náà sínú ìwé ìjọba l'Ékòó nígbà kan, pé tiẹ̀ ni, kí ẹlòmíràn má baà lo èyí tó jọ ọ́. Ìwé yẹn àti ọkọ́ méjì, tirẹ̀ kan, ti Gbádébọ̀ kan, ló gbé tọ Lọ́yà Adéwùmí lọ n'Ìbàdàn. Lọ́yà tẹ́ ọkọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó sì fi aṣọ bo ọ̀kan.

"Bàbá," ó ní, "wọ́n á sọ pé ọ̀nì ni tiwọn, pé kì í ṣe aláǹgbá. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń lọ ra ọkọ́ kì í gbé ti àtijọ́ dání kó fi wé tuntun. Ohun tó kù lórí rẹ̀ ló fi ń rajà, orí kì í sì í rántí gbogbo nǹkan tán. Adájọ́ ò ní máa ka ìka ẹsẹ̀ ẹranko. Bí àwòrán méjèèjì ṣe rí lápapọ̀ ni yóò wò, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é. Yóò béèrè bóyá irú ọjà kan náà ni, bóyá ibi kan náà ni wọ́n ti ń tà á, àti irú ẹni tó ń rà á. Bí olóko tí kò mọ̀wé, tó ń kánjú nínú oòrùn, bá lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, a ti jàre."

"Wọ́n ń ṣì í mú lójoojúmọ́," Ògúndìran dáhùn.

"Ohun tí ẹ máa sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú olóko ni kóòtù ń wá o. Ẹ má fi ojú alágbẹ̀dẹ dáhùn."

Ó ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ ló gbọ́, kò yé e.

Ní ọjọ́ ẹjọ́, Ládòkun, àgbẹ̀ kan láti Àgó-Àmọ̀dù, ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ó sọ bí òun ṣe ra ti Gbádébọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí òun rò pé aláǹgbá ni, àti bó ṣe ká mọ́ òun lọ́wọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán. Ara rẹ̀ balẹ̀, adájọ́ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Ògúndìran. Akọ̀wé kóòtù bi í pé Bíbélì ni àbí Kùránì. Ó ní irin. Wọ́n fún un ní ọ̀bẹ, ó fi ẹnu kàn án, ó búra. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó bá fi irin búra kì í sọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin tó ń bọ́ ọ náà ni yóò bá a jà.

Lọ́yà Gbádébọ̀ dìde. Ó kí i, ó kí òkú baba rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ pé kò sí alágbẹ̀dẹ bíi tiwọn ní gbogbo Òkè-Ògùn. Orí Ògúndìran wú. Lọ́yà wá gbé ayédèrú ọkọ́ lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹni tó mọ ọkọ́ lè rí èyí kó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni?"

Adéwùmí tẹjú mọ́ ọn láti ibi tó jókòó sí, ṣùgbọ́n Ògúndìran kò wo ibẹ̀. Ó fi èékánná ta ọkọ́ náà, ó gbọ́ bó ṣe dún, inú sì bí i. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti ń ju irú ìdọ̀tí yìí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Èyí? Ẹni tó bá pe èyí ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ti bú baba mi. Kò sí olóko kan tó lè ṣì í mú. Afọ́jú gan-an, tó bá fọwọ́ kàn án, á mọ̀."

"Ẹ ṣeun, bàbá," lọ́yà wí, ó sì jókòó.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ládòkun tẹrí ba lórí bẹ́ǹṣì, nítorí ẹni tí òun wá jẹ́rìí gbè ti sọ òun di ẹni tó burú ju afọ́jú lọ. Adéwùmí gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ náà bi, àmọ́ Ògúndìran kò lè kó ohun tó fi irin sọ jẹ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, adájọ́ ka ìdájọ́. Ó ní àwòrán méjèèjì jọra, pé irú ọjà kan náà ni, pé ọjà kan náà ni wọ́n ti ń tà á. Ṣùgbọ́n ó kù kí wọ́n fi hàn pé olùrà lè ṣìnà, ẹni tó sì mọ àwọn olùrà wọ̀nyí ju kóòtù lọ ti búra pé wọn kò lè ṣìnà. Ó da ẹjọ́ náà nù.

"Irin ni mo fi búra," Ògúndìran sọ fún Sàfúrátù nígbà tó délé.

"Mo mọ̀, Bàbá Fàtímọ̀," obìnrin náà dáhùn jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rà á ni wọ́n bi yín. Ẹ ò jókòó ti igbá ọjà rí." Jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ ló dun Ògúndìran jù. Ládòkun kò yà kí i mọ́ láti ìgbà náà.

Gbádébọ̀ wá ń polówó ọjà rẹ̀ ní aláǹgbá ní gbangba, ní ìsọ̀ rẹ̀ tí kò jìnnà sí àgbẹ̀dẹ. Ayédèrú kò yéé dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, èébú kò sì yéé tẹ̀lé e. Nígbà tó sú Ògúndìran, ó ju irin òǹtẹ̀ sínú iná, ó fi rọ ìṣó. Ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á mọ ọwọ́ òun láìsí òǹtẹ̀. Àṣìṣe tó ṣe ní kóòtù náà ló tún ṣe, kò sì mọ̀.

Ní ọdún 1983, Mọ́nsúrù, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan láti Kíṣì, yà ní àgbẹ̀dẹ. Ó gbé ọkọ́ kan wọ̀n lọ́wọ́, ó ní ó dára. Ó wá ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Aláǹgbá dà, bàbá?"

"Mi ò lù ú mọ́. Èmi gan-an ni mo ń rọ aláǹgbá. Òun lo mú dání yẹn."

Mọ́nsúrù rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ já àgbàlagbà nírọ́. "Ẹ má bínú, bàbá. Kí bàbá mi tó kú, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ra ayédèrú láé, aláǹgbá nìkan ni kí n rà." Ó gbé ọkọ́ náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó?"

Ògúndìran gbé ọkọ́ náà padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ìsọ̀ Gbádébọ̀.